Akọ̀wé Àgbà Kì í Ṣe Abọ́bakú: Ọ̀rọ̀ lórí Ètò Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba



Àwọn baba wa a máa wí pé ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni èyí: bí ìgbà bá yí, ta ni yóò máa rántí ohun tí a ṣe ní ìgbà àná?

Pípín iṣẹ́ ìjọba sí ẹ̀ka kì í ṣe àjòjì sí wa. Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ní ń gbọ́ ẹjọ́ fún Aláàfin. Ọ̀tún Ìwẹ̀fà ní ń bójú tó ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Òsì Ìwẹ̀fà ní ń ṣojú ọba nínú ètò ìlú. Ṣùgbọ́n abọ́bakú ni Òsì Ìwẹ̀fà: bí ọba bá wàjà, òun náà ń lọ, tòun ti gbogbo ohun tí ó mọ̀.

Ètò tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí èyí. Mínísítà tàbí kọmíṣánnà ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Akọ̀wé àgbà kò kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ràn gbogbo ẹ̀ka ń gbà kọjá. Ní 1973, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré, mo gbé fáìlì kan dé iwájú ọ̀gá wa. Kọmíṣánnà fẹ́ kí a san owó kan tí kò sí nínú ètò ìnáwó ọdún náà. Ọ̀gá kọ ìlà mẹ́ta péré: kò ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ sì nìyí. A kò san owó náà, ẹnikẹ́ni kò sì yọ ọ̀gá níṣẹ́.

Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 10,000 níṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Orí rédíò ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ ọ. N kò wí pé kò sí ọ̀lẹ tàbí olè láàárín wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé a kò gbọ́ tẹnu ọ̀pọ̀ wọn. Láti ìgbà náà, bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú ọ̀gá mìíràn, ohun tí mo ń bá níbẹ̀ kò ju “Mo ti rí i” lọ.

Òfin 43 ti ọdún 1988 wá sọ akọ̀wé àgbà di olùdarí àgbà, ó sì pàṣẹ pé kí ó máa bá ìjọba tí ó yàn án lọ. Kí ni a sọ ọ́ dà, bí kò ṣe abọ́bakú? Ìgbìmọ̀ Allison Ayida, tí a gbé kalẹ̀ ní 1994, dámọ̀ràn pé kí a padà sí ètò àtijọ́, a sì padà. Orúkọ padà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò lọ.

Abala 171 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fi yíyan akọ̀wé àgbà ìjọba àpapọ̀ sọ́wọ́ ààrẹ. Yíyàn kò burú. Bí a ó ti máa yọ wọ́n ni ó yẹ kí a ṣọ́. Àwọn kan yóò ní ẹni tí ipò rẹ̀ bá fìdí múlẹ̀ a máa ya ọ̀lẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, kí a kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó yọ ọ́. Ẹni tí kò ṣẹ̀, kí a má ṣe tìtorí ìyípadà ìjọba lé e lọ. Bí akọ̀wé àgbà kò bá lè kọ “rárá” sínú fáìlì, ìlú ni yóò jìyà rẹ̀.