Àṣẹ́kù Kòrónà Lára Ẹni Tó Ní Làkúrègbé

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín. Ohun tó ṣe èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ní ọdún 2021 rántí pé oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fi san owó tí mo yá. Àwọn onídùúró mi méjèèjì ló ń bá mi gbé e. Àwọn kan ní mo ti fi owó ẹgbẹ́ kọ́lé. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, torí èmi alára kò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ ò ní gbàgbé ìparí oṣù kẹta ọdún 2020. Ìgbà yẹn ni wọ́n dá àwọn èèyàn wa 127 tó ń bọ̀ láti Ivory Coast dúró ní Èjìgbò, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé Kòrónà wà lára àwọn kan nínú wọn. Ìgbà yẹn náà ni gómìnà ìgbà náà, Gboyega Oyetola, ní kí oníkálùkù jókòó sílé. Ọjà dákẹ́ lọ́ lọ́ lọ́.

Kòrónà kò mú mi lọ́dún yẹn. Ìgbà tí a rò pé ó ti lọ, ní ọdún 2021, ló tó bá mi. Ibà, ikọ́, mi ò gbóòórùn ata tó ń jó lórí iná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó lọ, mo dúpẹ́, mo padà sí ìsọ̀. Àfi bí mo ṣe gbé ìdì aṣọ kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀nà, tí mo jókòó lé e, tí mi ò lè dìde mọ́. Mo máa ń gbàgbé iye tí mo pè fún oníbàárà kó tó fèsì. Tí mo bá sùn, ó ń rẹ̀ mí. Tí mo bá jí, ó ń rẹ̀ mí.

Ẹ sì mọ̀ pé mo ti ní làkúrègbé tipẹ́, irú èyí tí ìka ọwọ́ ń wú, tí kì í ṣeé ká láàárọ̀. Nítorí náà gbogbo èèyàn ní, "Ìyá, làkúrègbé yín náà ni." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ra oògùn eegun lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kan, mo ń fò bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ojú mi wú, ẹ̀jẹ̀ mi ru sókè. Dókítà wò mí, ó ní wọ́n sábà máa ń po irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ dexamethasone tàbí prednisolone, láìsọ fún ẹni tó ń rà á.

Òṣómàáló tó lóṣòó

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ òṣómàáló. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n bá dé ilé onígbèsè, wọ́n á lóṣòó, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó. Bẹ́ẹ̀ ni Kòrónà ń ṣe lára àwọn kan. Ibà ti lọ, ikọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba agbára lójoojúmọ́. Àṣẹ́kù Kòrónà ni mo ń pè é.

Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá mi wá ohun tí àwọn dókítà kọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: tó bá di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Kòrónà mú èèyàn, tí ara kò sì padà sípò, tó ti tó oṣù méjì ó kéré tán, tí wọn ò rí àìsàn mìíràn tó fà á, àṣẹ́kù rẹ̀ ni. Àárẹ̀, àìlèmí dáadáa àti ìgbàgbé ló wọ́pọ̀ jù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan o. Ní Èkó, wọ́n bi èèyàn 274 tí Kòrónà ti mú rí; 112 nínú wọn ní nǹkan ṣì ń ṣe àwọn: àárẹ̀, orí fífọ́, àyà dídùn.

Kí ló kan làkúrègbé?

Orúnkún tó ń dun àgbà torí pé ó ti lò ó pẹ́ yàtọ̀ sí làkúrègbé tí mo ń wí. Nínú tèmi, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ló ń yí ìbọn padà sí oríkèé ara ẹni. Lupus náà nìyẹn, òun lè dé kíndìnrín. Obìnrin ni wọ́n sì máa ń mú jù. Wọ́n ti máa ń sọ pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, àfìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde ní ọdún 2010 lórí 200 aláìsàn rẹ̀ nílẹ̀ wa, tí obìnrin sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ọdún 2023, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands fi irú wa wé àwọn tí ara wọn le. Lẹ́yìn Kòrónà, 21 nínú 100 àwa tá a ní irú làkúrègbé yìí ni àṣẹ́kù rẹ̀ wà lára wọn. Láàárín àwọn tí kò ní in, 13 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bi àwọn tí Kòrónà kò mú rí. Àwọn onílàkúrègbé tó wà nínú wọn náà ní ó ń rẹ àwọn bẹ́ẹ̀! Ẹ rí i pé àìsàn méjèèjì ló ń wọ ẹ̀wù kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Kí ni ká ṣe?

Ìkíní, ẹ má fi ojú lásán dá a mọ̀. Tí oríkèé bá wú, tó gbóná, tó le gbagidi fún wákàtí kan láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làkúrègbé ló gbérí. Tó bá jẹ́ àárẹ̀ àti ìgbàgbé láìsí wíwú, ẹ sọ fún dókítà pé Kòrónà ti mú yín rí. Kò sí àyẹ̀wò kan pàtó fún àṣẹ́kù Kòrónà. Ńṣe ni wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, ìtọ̀ ṣúgà ni, tàbí ikọ́ ìfe.

Ìkejì, ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá oògùn làkúrègbé dúró. Prednisolone tí èèyàn ti ń lò pẹ́, tó bá dá a dúró lójijì, ó lè dá a wólẹ̀. Ẹ má sì ra ti inú mọ́tò.

Ìkẹta, ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín. Ẹrù tí ẹ ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹni tó fi agídí ṣe é lónìí lè sùn sílé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìkẹrin, ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ bí ara ti rí sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé wa ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ní Imẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, ní àwọn ọdún 1950, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ti bẹ̀rẹ̀ káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ, tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé, tó sì ti káàkiri ayé lónìí. Ìwé mi ló jẹ́ kí dókítà mi mọ ọjọ́ tó jẹ́ ti làkúrègbé àti ọjọ́ tó jẹ́ ti Kòrónà.

Tí àyà bá ń dunni, tí èémí kò tó, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára náà. Ẹni tó gbà á kò fi bẹ́ẹ̀ kó sọ́wọ́ òṣómàáló yìí bí ẹni tí kò gbà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́

Mo ti san gbogbo owó tán. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí agbára mi tó padà, kò sì tíì pé. Àwọn onídùúró mi, mo kúnlẹ̀, ẹ ṣeun. Àmọ́ mo bẹ ẹgbẹ́: tí ọmọ ẹgbẹ́ bá mú ìwé dókítà wá pé ara rẹ̀ kò le, ẹ jẹ́ ká dín iye tó ń san lóṣooṣù kù, ká sì fa ọjọ́ sísan gùn, dípò ká ké orúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé. Ẹni tí ẹ sọ̀rọ̀ sí lára lè sáré padà sọ́jà kí ara rẹ̀ tó gbà á, kí ẹgbẹ́ sì pàdánù òun àti owó.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjẹṣẹ́kù ni kó máa kù sọ́wọ́ wa, kì í ṣe àṣẹ́kù àìsàn.