Yúníìtì Pé, Dígírì Ò Jáde: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀ka Méjì Pọ̀ ní Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí coordinator ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa

 

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, bàbá wa kan bi mí pé, "Coordinator, ọdún mélòó gan-an lo fẹ́ lò ní yunifásítì yìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lónìí, torí ìdáhùn yẹn lè gba ọmọ ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni mo wọlé fún. Ọdún karùn-ún rèé. Mi ò féèlì kọ́ọ̀sì kankan. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, yúníìtì mẹ́ta péré, ló dá mi dúró. Ìyá mi tún tí ì san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan sí i, látinú owó ẹlùbọ́ tí wọ́n ń tà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ̀ka méjì ni mò ń kọ́ pọ̀ sínú dígírì kan. Ní 200 level, kọ́ọ̀sì kan ní ẹ̀ka kejì bọ́ sí wákàtí kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka àkọ́kọ́. Mo lọ bi wọ́n ní ẹ̀ka àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n lọ bá ẹ̀ka kejì. Ẹ̀ka kejì ní ilé mi ló yẹ kó mọ̀. Ẹnì kan wá ní, "Fi sílẹ̀, wàá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀." Mo fi sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kọ́ọ̀sì yẹn ni ìpìlẹ̀ fún òmíràn ní 300 level, tí ìyẹn náà sì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún òmíràn ní 400 level. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọdún kan ṣe lé nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń wí yìí kò ṣàjèjì. Ní Obafemi Awolowo University ní Ifẹ̀, Computer Science with Economics wà. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ náà máa ń pa Education pọ̀ mọ́ Yorùbá tàbí Mathematics. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ ó máa gbọ́ Interdisciplinary Studies. Àwọn àgbà á ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Lóòótọ́ ni, bí kò bá mọ ihò tí eku méjèèjì ń gbà. Àmọ́ àwọn àgbà náà ló ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ̀kọ́ yìí dáa. Ohun tó ń béèrè ló yẹ ká mọ̀ ká tó kọ fọ́ọ̀mù.

Àkọ́kọ́, ìwọlé. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO ni gbogbo wa mọ̀. Fún ẹ̀kọ́ ẹ̀ka méjì, ẹ wò ó bóyá márùn-ún yẹn tẹ́ ẹ̀ka méjèèjì lọ́rùn. Bákan náà ni UTME: English àti subject mẹ́ta mìíràn, 400 ni gbogbo máàkì. Ọmọ lè gba 280 kó má rí ipò, torí subject kan tí wọ́n béèrè kò sí nínú èyí tó yàn. IBASS, ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá Direct Entry wọ 200 level pẹ̀lú NCE tàbí A-level, ẹ béèrè bóyá ìpìlẹ̀ ọdún kìíní kù yín kù ní ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjèèjì.

Èkejì, yúníìtì. Ohun tí NUC là sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni pé yúníìtì kò gbọdọ̀ dín ní 120. Yúníìtì kan jẹ́ wákàtí 15 nínú kíláàsì ní sẹ́mẹ́sítà kan, tàbí wákàtí 45 bó bá jẹ́ práktíkà. Láàárín 15 sí 24 lèèyàn máa ń forúkọ sílẹ̀ fún ní sẹ́mẹ́sítà kan. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: mo ti ju 120 lọ nígbà tí mo parí 400 level. Wọn ò fún mi ní dígírì. Wọn kì í kàn ka iye yúníìtì, wọ́n máa ń wo kọ́ọ̀sì tí ẹ ti rí i. Bí ẹ ní 140 tí kọ́ọ̀sì dandan kan kò sí níbẹ̀, ẹ ò tíì ṣe tán.

Ẹ̀kẹta, kọ́ọ̀sì gbogboogbò. Láti ìgbà tí CCMAS tuntun ti NUC ti bẹ̀rẹ̀ ní 2023, GST 111, 112, 212 àti 312 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ENT 211 àti ENT 312. Yúníìtì méjì-méjì ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré wọn, àmọ́ carryover GST ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. CCMAS yìí ló fa ìdá 70 nínú 100 kọ́ọ̀sì yín kalẹ̀, yunifásítì yín ló ń fi ìdá 30 kún un. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ míì ṣe ìtọ́sọ́nà.

Ẹ̀kẹrin, project. Ẹ wá àkòrí tó kan ẹ̀ka méjèèjì. Ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọrọ̀-ajé lè ṣe ètò tó ń tọ́jú iye owó ẹlùbọ́ lọ́jà ìlú wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tètè wá ẹni tó máa bójú tó o.

Kí wá ni ṣíṣe? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní 100 level, ẹ gba ìwé kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ ẹ̀ka méjèèjì. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sójú ewé kan, kẹ́ ẹ fi ìlà so kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìpìlẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wákàtí bá kọlu ara wọn, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka méjèèjì kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó ní kí n fi kọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí mo padà lọ.

Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ pé kírẹ́díìtì ilẹ̀ kan kì í ṣe ti òmíràn. 120 ló wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, 360 ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n máa gbà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí ẹgbẹ́ wa. Kí fọ́ọ̀mù JAMB tó ń bọ̀ tó jáde, ẹ jẹ́ ká ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè, ẹ fi orúkọ yín àti ohun tẹ́ ẹ kọ́ sórí group, kí olúkúlùkù yín mú ọmọ kan, kẹ́ ẹ bá a yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ká ní ẹnì kan ṣe é fún mi ni, owó ẹlùbọ́ ọdún yìí ì bá ti wúlò fún nǹkan míì.

Bàbá, ìdáhùn mi nìyẹn o. Ó ku sẹ́mẹ́sítà kan. Ẹ bá mi ṣe àmín sí i. Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o.