Iṣẹ́ Tí A Ní Kò Ní Agogo

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹni tí kò tíì kàn. Ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Kì í ṣe ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ìwé ìfọwọ́sí sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, bí kò ṣe ní ibi tí ọ̀gá ti sọ pé kí olúkúlùkù máa wá nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Fadá, ǹjẹ́ ènìyàn lè pẹ́ dé ibi tí kò ní agogo?" Ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi wá nìyẹn, omijé sì wà lójú rẹ̀ bí ó ti ń bi wá. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé ni ọmọ yìí ní ọ́fíìsì aládàáni kan ní ìlú yìí. Mararaba ni ó ń gbé, ní ìhà Ìpínlẹ̀ Nasarawa, nítorí pé owó ilé àárín ìlú ju agbára rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ wí fún un pé, "Níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò ní máa wo agogo rẹ. Ṣáà ti ṣe iṣẹ́ rẹ." Ọmọ náà gbà á bẹ́ẹ̀. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, agogo mẹ́jọ ni ó ń dé. Nígbà tí ó yá, ó di mẹ́jọ ààbọ̀. Nígbà tí ó tún yá, ó di mẹ́sàn-án kọjá. Bí ó bá pẹ́ dé, a máa pẹ́ lọ. Ilẹ̀ a ti ṣú kí ó tó dìde nídìí tábìlì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́fà lọ báyìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀ṣọ́ na lẹ́tà sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ó dé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí ó má wọlé mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A dìde, a lọ bá ọ̀gá náà. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó gbà pé lóòótọ́ ni òun sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Fadá, mo sọ pé kò sí ẹni tí yóò máa wo agogo rẹ̀, n kò sọ pé kò sí ẹni tí yóò máa dúró dè é." Ó ṣàlàyé pé oníbàárà kan ti ọ̀nà jíjìn wá ní agogo mẹ́sàn-án, ìwé tí ó wá gbà sì wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Oníbàárà náà dúró títí, ó bínú lọ, kò sì padà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, fún oṣù mẹ́ta gbáko, láìsọ ohunkóhun fún ẹni tí ó ń kọ ọ́ sí lọ́rùn.

Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Èkíní ni ti òṣìṣẹ́. Ibi tí kò bá sí agogo lára ògiri, ẹni tí ó ń dúró dè wá ni agogo. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àáró, tí wọ́n ń ti oko ọ̀kan lọ sí oko èkejì, oòrùn nìkan ni wọ́n ń wò. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá ń fi oko ẹlòmíràn ṣe ìgbà-tí-mo-bá-rí-àyè, ọjọ́ tí ó bá kan oko tirẹ̀ ni yóò mọ̀ pé wọ́n ti ń ka ìrìn òun. Òmìnira tí a fún wa lórí àkókò kò sọ àkókò ẹlòmíràn di tiwa.

Èkejì ni ti ọ̀gá. Ẹni tí ó rí àṣìṣe tí kò sọ ọ́, tí ó ń kó o jọ bí ẹni ń kó owó èésú, kì í ṣe ìbáwí ni ó ń ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọjọ́ tí oníbàárà bínú lọ ni ó ti pe ọmọ náà, tí ó wí fún un pé, "Láti ọ̀la lọ, mo fẹ́ kí o wà níhìn-ín ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀," ó ṣeé ṣe kí a má ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ lórí rédíò lónìí.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ti ṣe irú èyí. Orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti ṣe é rí. Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí 1975. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed gorí àlééfà. Láàárín oṣù díẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 10,000 ni ó pàdánù iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní àwọn kan ti darúgbó, àwọn kan ń ṣàìsàn, àwọn kan kò mọṣẹ́, àwọn kan sì ń jalè. Kò sí iyè méjì pé ó tọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò rí ẹni bi í pé kí ni tẹnu rẹ̀. Orí rédíò ni àwọn mìíràn ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ìjọba yìí kan náà ni ó ṣe òfin tí ó dá Àbújá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa olórí ìjọba náà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó, nígbà tí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa iṣẹ́ ìjọba gbà pé láti ìgbà náà ni ọkàn òṣìṣẹ́ kò ti balẹ̀ mọ́, tí kálukú sì ń wá ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari àti Ìdíàgbọn bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí WAI, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá pẹ́ dé, wọ́n a ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn tètè ń dé ibi iṣẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ 1985, ìjọba náà ṣubú, kò sì pẹ́ tí a padà sí ibi tí a wà. Ìbẹ̀rù ni ó kọ́ wa láti máa tètè dé. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, ẹ̀kọ́ náà bá a lọ.

Kí wá ni ó yẹ kí a ṣe? Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí a ṣe ní 1974, ti fi ọ̀nà hàn. Ó ní kí wákàtí iṣẹ́ jẹ́ ohun tí a jọ fohùn sí. Ó ní kí oṣù mẹ́ta tó pé tí a ti gba ènìyàn síṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tí àwọn ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ wà, tí ọ̀rọ̀ wákàtí sì wà lára wọn. Ó ní ẹni tí ó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, kí a fún un ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni ọdún márùn-ún lọ sókè, oṣù kan. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ní akọ̀wé, awakọ̀ tàbí ọmọ ìtajà ni ẹ ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí? Mélòó sì ni nínú ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ni ó ti béèrè rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní dínkù. Láti 2020 tí àrùn kòrónà ti mú kí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ipele kejìlá sísàlẹ̀ jókòó sílé, iṣẹ́ tí kò ní agogo ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba náà mọ̀ pé láti oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè fún ìyípadà wákàtí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ láti béèrè ni o, kì í ṣe ẹ̀tọ́ pé dandan ni kí wọ́n gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àkókò rọ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Àkókò wo ni kò gbọdọ̀ bá mi níta? Ta ni ó ń dúró dè mí? Bí ọ̀nà bá dí, ta ni kí n ránṣẹ́ sí? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ti Nyanya, Mararaba, Kubwa tàbí Gwagwalada wá mọ bí ọ̀nà ti ń rí. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun tí yóò yà yín lẹ́nu láràárọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ rántí olóko àjàrà inú Ìhìn Rere Mátéù. Ó bá àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà ṣe àdéhùn. Nígbà tí ó sì rí àwọn tí ó dúró títí di wákàtí kọkànlá, ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Àdéhùn kọ́kọ́ wà, ìbéèrè sì ṣáájú ìdájọ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ó ku ohun kan, òun ni ó sì ṣòro jù fún wa láti sọ. Nígbà tí a tún lẹ́tà ọmọ náà kà, a rí i pé méjì nínú ọjọ́ mọ́kànlá náà jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a máa jí ní òru wá bá wa kọrin ní Máàsì agogo mẹ́fà. Ní ọjọ́ méjèèjì, àwa ni a pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Máàsì, àwa náà ni a tún dá ẹgbẹ́ akọrin dúró lórí ọ̀rọ̀ ìkórè. Ọmọ náà kò dárúkọ wa fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Fadá, kò yẹ kí n fi yín ṣe àwáwí."

A padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá náà, a sì jẹ́wọ́ ìpín tiwa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò lè gba ọmọ náà padà, nítorí pé ó ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó san owó ọ̀sẹ̀ kan tí òfin wí, ó sì kọ ìwé ẹ̀rí rere fún un, nítorí pé kò sí ẹ̀sùn kankan lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń wá iṣẹ́ títí di òwúrọ̀ yìí.

Láti ìgbà náà, bí agogo mẹ́fà bá lù ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù, a ti wà níwájú pẹpẹ. Bí ẹ kò bá rí wa níbẹ̀, a fún yín láyè kí ẹ wá kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀yin náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ bi ara yín léèrè ta ni ó ń dúró dè yín.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa.