Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ: AYÉTÒRÒ ÀTI ÒKUN



Ní irú ọjọ́ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, a máa ń dárúkọ àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀, a sì máa ń fi ọwọ́ kan ògiri tí wọ́n mọ. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀, bí a bá bi wọ́n pé níbo ni ilé bàbá wọn wà, ojú omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò nawọ́ sí. Ìlú náà ni Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ní ọdún 1947 ni àwọn Ìlàjẹ kan, ọmọ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, tẹ ìlú náà dó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ohun ìní kan ní ti ara rẹ̀ nìkan. Owó ẹja, owó aṣọ híhun àti owó ọkọ̀ kíkàn, àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, láti inú rẹ̀ ni a sì ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ó yá, àpò náà tú. Ṣùgbọ́n àṣà ìrànlọ́wọ́ kò bá a lọ.

Kí ni ó wá mú kí òkun dìde sí wọn? Èkíní, ayé ń gbóná sí i. Omi tí ó gbóná a máa fẹ̀, yìnyín ilẹ̀ òtútù sì ń yọ́ sínú òkun. Láti ọdún 1901 sí 2018, òkun ayé ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà. Èkejì, etí òkun ìhà Màhìn kì í ṣe iyanrìn, ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, ìgbì a sì máa tètè wọ́ ọ lọ. Ẹ̀kẹta, àwọn odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ la àbàtà ibẹ̀ já nítorí epo rọ̀bì ti mú omi iyọ̀ wọ inú omi dídùn. Igi kú, ẹja inú odò sì dínkù.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń fara dà á. Nígbà tí ìgbì bá súnmọ́ ilé, wọn a tú pákó àti páànù rẹ̀, wọn a kó o sẹ́yìn, wọn a sì tún un kọ́ sórí òpó. Ọ̀pọ̀ ti kó ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ń gbe omi òjò pamọ́ fún mímu, nítorí pé iyọ̀ ti ba omi ilẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wó a máa wọ̀ sọ́dọ̀ ará rẹ̀. Ìlú kò lè kó itẹ́ òkú sẹ́yìn bí ó ti ń kó pákó. Òkun ti gba ìyẹn náà.

Ará, kò yẹ kí a yin sùúrù wọn tán kí a sì jókòó. Sísún sẹ́yìn kì í ṣe ìgbàlà, nítorí pé ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn ní òpin. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn apẹja wọ̀nyí ni ó mú ayé gbóná; síbẹ̀ àwọn ni ó kọ́kọ́ ń san gbèsè rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ sí wọn ni odi tí yóò dá ìgbì dúró, tàbí, bí odi kò bá ṣeé ṣe, ilẹ̀ gíga kan tí gbogbo wọn yóò lè kó lọ papọ̀. Mo tẹnu mọ́ papọ̀ náà. Ilé tí a tú ṣeé tún kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú àwọn ènìyàn ká, ọ̀kan sí Èkó, ọ̀kan sí Òkìtìpupa, ta ni yóò tún kó wọn jọ? Àjọgbé wọn ni ó mú wọn dúró títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ohùn níwájú ìjọba, ẹ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní yàrá láti fi háyà, bí ọmọ etí òkun bá kan ìlẹ̀kùn yín, ẹ rántí pé kì í ṣe ìrìn-àjò ni ó gbé e jáde. Ilé rẹ̀ ni omi gbà.