Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Tà



Odò Ọ̀ṣun ni à ń gba orí rẹ̀ kọjá ní Aṣéjírè bí a bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ìkirè. Kí omi náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti la igbó kan kọjá ní Òṣogbo. Igbó yẹn kò ṣèèṣì kù. Wọ́n gbà á sílẹ̀ ni.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó kù díẹ̀ kí ó run. Àwọn àwòrò ń dín kù, ojúbọ ń wó, ìjọba gé igi ìbílẹ̀ ní apá kan, wọ́n sì gbin tíìkì síbẹ̀. Ọdẹ ń yìnbọn. Apẹja ń da àwọ̀n sínú odò tí a kì í pa ẹja rẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dìde pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti àwọn olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí àti Kàsálí Àkàngbé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ère, wọ́n ń mọ ògiri. Lójú tèmi, ère wọ̀nyẹn kọjá ọ̀ṣọ́: ibi tí òrìṣà bá jókòó sí, katakata kì í yá wọ ibẹ̀. Ní 1965, ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan igbó náà. Ní 1992, òfin ká gbogbo rẹ̀, hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé.

Èèwọ̀ ibẹ̀ ló wú mi lórí jù. A kì í gégi, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pẹja. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tolówó tòtòṣì ń rọ́ wọ inú rẹ̀. Èèwọ̀ ló jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Bí kò bá sí i, olówó kan ì bá ti mọ odi yí i ká, tí àwa yòókù yóò máa yọjú wò ó láti ìta.

Àmọ́ èèwọ̀ igbó kò lè dá omi dúró. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti da omi náà rú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí olùjọsìn má mu ún. Omi kan náà ló ń ṣàn wọ ìdídò Aṣéjírè tí Ìbàdàn ń pọn.

Nígbà kan, kò sí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó tirẹ̀ lẹ́yìn odi. Púpọ̀ ti di oko, òmíràn ti di ilé. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ó lè yà á sọ́tọ̀ fún ìlú. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹbí ti tà á, wọ́n ti gba owó.

Ohun tí mo ń bẹ Ìkirè àti Àpòmù ni pé kí a ka ibi tiwa: bèbè odò, ọ̀nà omi, pápá tí ọmọ ń ṣeré, igbó tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan. Àwọn ìyá àgbà tó mọ ààlà wọn ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ wọ́n lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí awọnlẹ̀ tẹ̀lé wa.