Ẹ̀jẹ̀ Ń Tẹ̀lé Iṣẹ́: Iná Mànàmáná àti Ẹsẹ̀ Tí Òpó Rẹ̀ Ti Ń Dí



Apẹja tó bá ti fọwọ́ kan ẹja òjìjí rí mọ̀ pé iná ti wà lódò kí NEPA tó dé. Ní Róòmù àtijọ́, Scribonius Largus, oníṣègùn kan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lọ sétí òkun, kí ó tẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ láàyè, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kú tipiri dé orúnkún. Ní 1791, Luigi Galvani ará Bologna tẹ ìwé jáde lórí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú, tó sì ń ta nígbà tí iná bá kàn án. Pé iná lè mú iṣan ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bóyá ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé tó.

Àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀ tó kì í pariwo. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sí ẹsẹ̀, òpó á wá di tóóró. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ló ń dá kún un jù. Bí aláìsàn bá jókòó, kò sóhun tó ń ṣe é. Bó bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á dì, á máa ro ó. Bó bá dúró, ìrora á lọ. Charcot, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Paris ní 1858. Làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pè é. Dókítà lè wọn ìfúnpá ní ọrùn ẹsẹ̀, kó fi ti apá pín in: bí èsì bá kéré sí 0.9, òpó ti ń dí nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé iṣẹ́ bí alárù ṣe ń tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrù wọ ọjà. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, àwọn èròjà tó ń tú jáde nínú rẹ̀ á mú kí àwọn òpó kéékèèké ṣí sílẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ibẹ̀ lè di ìlọ́po 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ iná mànàmáná tí a ń lẹ páàdì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kò ṣe ju pé ó ń pàṣẹ iṣẹ́ fún iṣan. Kò la òpó, kò yọ́ ọ̀rá. Ẹni tó bá ní ó ń ṣe é, ọjà ló ń tà.

Àwọn kan rò pé bí iná bá ṣe le tó ni yóò ṣe wúlò tó. Rárá o. Iṣan tó bá fún gbagidi tí kò dẹ̀, ó ń fún òpó inú ara rẹ̀ pa. Bí iná bá ń ta ní ìgbà 40 tàbí 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan kò ráyè dẹ̀ títí iná yóò fi dáwọ́ dúró. Ìyẹn lè dára fún ẹni tó fẹ́ kí iṣan òun lágbára. Ní ìgbà 8 sí 10, ìtakìjí kọ̀ọ̀kan dá dúró: ó fún, ó dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń wọlé nígbà tó bá dẹ̀. Olga Hudlická, ọmọ ilẹ̀ Czech tó ṣiṣẹ́ ní Birmingham, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn lára ehoro ní ọdún 1970 sí 1979 pé irú iná pẹ̀lẹ́ yìí, bí a bá ń lò ó fún iṣan lójoojúmọ́, ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tuntun hù nínú rẹ̀. Ní 1994, òun àti àwọn oníṣẹ́-abẹ kan gbé àbájáde jáde lára àwọn aláìsàn: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn aláìsàn náà lè rìn jìnnà sí i kí ẹsẹ̀ tó dì. Èyí wú mi lórí gan-an ni.

Síbẹ̀, ẹni tó bá lè rìn, kí ó rìn. Ìrìn tí olùtọ́jú ń bójú tó, kéèyàn rìn títí yóò fi ro ó, kó sinmi, kó tún gbéra, ẹ̀rí tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ fíìfíì. Lójú tèmi, ẹni tí orúnkún dídùn tàbí rọpárọsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn ni ẹ̀rọ náà yẹ jù. Ṣùgbọ́n alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀ bí páàdì bá ń jó o. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú àyà tó ń darí ọkàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí ní òpó ẹsẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ iná yìí lò láìrí dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń ro lóru láìrìn, tí egbò kò jinná, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń dúdú, ẹ má wulẹ̀ wá ẹ̀rọ kankan: ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́-abẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ gbé aláìsàn náà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.