Owó Àlọ, Owó Àbọ̀

Àwọn kan nínú wa ní mọ̀lẹ́bí ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ara rẹ̀ wá owó kún owó oṣù. Iṣẹ́ náà ni fífa ilé onítáyà tí àwọn òyìnbó fi ń lọ lo ìsinmi. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Awakọ̀ ni yóò fà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tà á.

Máìlì ni wọ́n fi ń sanwó, ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí àlọ bá jẹ́ máìlì 500, táyà yóò yí 1,000. Ká ní gálọ́ọ̀nù epo kan ń rin máìlì 10 pẹ̀lú ẹrù, tó sì ń rin 20 lófìfo, gálọ́ọ̀nù 75 ló jó yẹn. Àpò awakọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń jáde, òun náà ni yóò ra táyà àti bíréèkì. (A kò tíì dárúkọ oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn!)

Èyí tó dùn wá jù ni pé agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n sábà ń pè é, wọn kì í pè é ní òṣìṣẹ́. Òfin Taft-Hartley ti 1947 sì yọ agbaṣẹ́ṣe kúrò lára àwọn tí òfin ń dáàbò bò láti kó ẹgbẹ́ jọ. Bó bá farapa lọ́nà, ta ni yóò san owó ìtọ́jú? Kó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè ìyẹn, kí ó sì béèrè owó àbọ̀.